Ohun tí Ó Kù: Kíkọ́ Ahéré Ọgbà láti inú Àgékù, Àwókù àti Àlòkù ní Ìlárá-Mọ̀kín

1.0 Ìfáàrà

Bébà yìí dá lé orí kíkọ́ ahéré kékeré sínú ọgbà ilé tàbí oko etílé láti inú ohun èlò tí a kò fi owó rà. Ìlárá-Mọ̀kín, ìlú tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́ tí í ṣe olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni a ti ṣe iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣàlàyé. Ohun tí a pè ní ahéré níhìn-ín ni ilé kékeré tí àgbẹ̀ ń kọ́ láti sá fún oòrùn àti òjò, láti kó ọkọ́ àti àdá sí, àti láti jókòó jẹun. Ó yàtọ̀ sí àtíbàbà, tí a máa ń pa fún ìnáwó ọjọ́ kan tàbí méjì kí a tó tú u. Ó sì yàtọ̀ sí abà, níbi tí odindi ìdílé lè máa gbé láti oṣù dé oṣù.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan nínú àpérò yìí béèrè pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè nínú páànù tí ó ti ń jò. Ìdáhùn wa pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni pé Yorùbá ní ẹgbẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí ó fi ń pe irú ohun èlò bẹ́ẹ̀, ìhun àwọn ọ̀rọ̀ náà sì ní ẹ̀kọ́ nínú. Èkejì ni pé ahéré tí a kọ́kọ́ kọ́ kò dúró: ìjì ṣí òrùlé rẹ̀ lọ, ó sì kù díẹ̀ kí ó ṣe ènìyàn léṣe. Nígbà tí a wádìí ohun tí ó fà á, a rí i pé ọ̀rọ̀ tí àwa fúnra wa fi ń pe páànù náà lójoojúmọ́ ti kìlọ̀ fún wa, a kò kàn fetí sí i ni.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé orúkọ tí Yorùbá fún ohun ọ̀fẹ́ kọ̀ọ̀kan ń sọ ohun tí ó ti lọ lára rẹ̀ àti ohun tí ó kù. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí ìmọ̀ yìí pinnu irú ilé tí yóò kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ yóò dúró. Ẹni tí ó bá sì lo ohun tí ó kù bí ẹni pé ó pé yóò san owó rẹ̀ lẹ́yìn.

2.0 Ìhun àti ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ náà

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a ó yẹ̀ wò: àgékù, àwókù àti àlòkù. Ìhun kan náà ni wọ́n ní. A fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn, èkejì nínú wọn sì ni kù nígbà gbogbo: à-gé-kù, à-wó-kù, à-lò-kù. Àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ yìí ni àjẹkù àti àfọ́kù. Ọ̀rọ̀-ìṣe kìíní ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí nǹkan náà. Kù ń sọ pé ìṣẹ̀lẹ̀ náà kò pa á run tán.

Kí a fi wọ́n wé pàǹtí àti ìdọ̀tí. Pàǹtí kò sọ ìtàn kankan fún ni. Ààtàn ni ibùgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá pe nǹkan ní àlòkù, a ti gbà pé ìlò ṣì kù lára rẹ̀. Yorùbá mọ̀ pé àgékù ejò a máa ṣoro bí agbọ́n: apá kan ti lọ, oró ṣì kù. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ oní-kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn. Àkọsílẹ̀ ni ó jẹ́.

Ní ti ìkọ́lé, àgékù ni pákó àti igi tí ó ṣẹ́ kù ní ibi ìlagi, ní ìsọ̀ káfíńtà, àti ní ibi tí a ti ń kọ́lé lọ́wọ́. Ìlárá-Mọ̀kín kò ṣàìní irú rẹ̀, pàápàá láti ìgbà tí Yunifásítì Elizade ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 2013. Igi náà jẹ́ tuntun, agbára rẹ̀ sì pé. Gígùn ni ó ti lọ.

Àwókù ni ohun tí a rí nínú ilé tí ó ti wó: òpó, igi àjà, àti búlọ́ọ̀kù tàbí òkúta ìpìlẹ̀. Gígùn rẹ̀ wà. Ohun tí ó ti lọ ni ìdánilójú. Igi tí ó ti wà lókè fún ogójì ọdún lè jẹ́ inú ìrókò tí ikán kò rí jẹ, ó sì lè jẹ́ èèpo lásán tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ojú kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láti òkèèrè.

Àlòkù ni páànù tí a ṣí kúrò lórí ilé, ilẹ̀kùn tí a pààrọ̀, tapólì ọkọ̀ ẹrù, àti rọ́bà inú táyà. Ìrísí rẹ̀ wà. Pípé ara rẹ̀ ni ó ti lọ. Páànù àlòkù ṣì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8 bí ó ti gùn lọ́jọ́ tí a rà á, ṣùgbọ́n ihò ìṣó wà lára rẹ̀, ìpáàrà sì ti jẹ etí rẹ̀.

Ẹgbẹ́ kẹrin wà tí kò ní kù nínú orúkọ rẹ̀, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò tíì lò ó rí: ọparun, imọ̀ ọ̀pẹ, ewé gbòdògì àti ìtàkùn. Ara àwọn wọ̀nyí pé ṣáṣá, ṣùgbọ́n ọjọ́ ayé wọn kò pọ̀.

3.0 Ọ̀fẹ́ kì í ṣe aláìlólóhun

Kí a tó dé orí iṣẹ́ ọwọ́, ó yẹ kí a mú èrò kan kúrò nílẹ̀. Ohun tí a kò fi owó rà kì í ṣe ohun tí kò ní olóhun. Ilé tí ó wó ní àárín ìlú lè dà bí ohun ìgbàgbé, ṣùgbọ́n ẹbí ni ó ni ín, àwókù rẹ̀ sì wà nínú ogún. A gbọdọ̀ tọ olórí ẹbí lọ, kí a sọ igi tí a fẹ́ àti ohun tí a fẹ́ fi ṣe, kí a sì gba àṣẹ níṣojú ẹlòmíràn. Bákan náà ni ti ibi ìlagi: ọ̀pọ̀ àgékù tí àlejò rò pé a dànù ni ẹnìkan ti ń dúró dè láti fi dáná.

Àṣà wa ní àmì fún èyí. Ààlè ni ohun tí a ń fi kọ́ ara igi tàbí òkìtì ẹrù láti kìlọ̀ fún olè. Kùùkù àgbàdo, àkísà, ìgbálẹ̀ tí ó ti gbó tàbí bàtà tí ó ti ya ni a sábà máa ń lò. David Doris kọ odindi ìwé lórí ààlè, tí a tẹ̀ ní 2011, ó sì tọ́ka sí i pé ohun tí ó ti gbó, tí ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ni a fi ń pààlè. Ìyẹn ni pé àlòkù ni ó ń ṣọ́ àlòkù. Ẹni tí ó bá rí àkísà lórí òkìtì pákó, kí ó mọ̀ pé a ti bá a sọ̀rọ̀.

Òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ náà kò sí. Bí a bá fi àáró kọ́ ahéré, a jẹ gbèsè ọjọ́ iṣẹ́ tí a ó san ní oko ẹlòmíràn. Bí a bá bẹ ọ̀wẹ̀, a ó wá oúnjẹ àti ohun mímu fún àwọn tí ó wá. Ọkọ̀ tí ó kó pákó láti Àkúrẹ́ náà yóò gba owó rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá sọ pé ohun èlò jẹ́ ọ̀fẹ́, ohun tí a ń sọ ni pé owó rẹ̀ ti kúrò ní ọjà, ó ti bọ́ sí orí ẹsẹ̀, orí ọpọlọ àti orí àjọṣe wa pẹ̀lú ènìyàn.

4.0 Ahéré àkọ́kọ́ àti ìdí tí òrùlé rẹ̀ fi ṣí

Ní ìparí ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan, òǹkọ̀wé yìí àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kọ́ ahéré sí ọgbà ẹ̀fọ́ ìdílé wọn. A ní páànù àlòkù mẹ́fà láti ilé kan tí a ti yí òrùlé rẹ̀ padà, a sì ní àgékù igi púpọ̀. Nítorí pé àgékù kò gùn tó òpó, a so méjì-méjì pọ̀ mọ́ ara wọn. Ojú gíga òrùlé ni a kọ sí ìlà-oòrùn, nítorí a fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ máa wọlé. A kò sì dí ẹ̀gbẹ́ kankan. Ihò ìṣó àtijọ́ tí ó wà lára páànù ni a tún fi ìṣó sí. Lójú wa, ọgbọ́n ni èyí: kí ni a ó tún lu ihò mìíràn sí?

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ ní oṣù kẹta. Páànù mẹ́ta fò kúrò lórí òrùlé, ọ̀kan nínú wọn sì lọ bọ́ sí ọ̀nà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gbà relé lọ́sàn-án. Òjò ti lé wọn wọ ilé kí ó tó bọ́. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ìbá jẹ́.

Bàbá àgbẹ̀ kan, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, wá kí wa ní ọjọ́ kejì. Ó gbé páànù kan sókè, ó fi ìka bọ ihò rẹ̀, ó sì ní:

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ pè é ní àlòkù, ẹ sì kàn án bí tuntun. Ihò tí afẹ́fẹ́ ti fi ogún ọdún gbọ̀n títí ó fi gbòòrò, ṣé ìṣó lè dì í mú?”

A bi í pé, “Bàbá, ṣé ihò náà nìkan ni ẹ rí?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ lanu ilé yín sí ibi tí ìjì ti ń bọ̀. Ìjì kò kan ilẹ̀kùn.”

Àlàyé tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bàbá yìí kò ṣòro. Ní agbègbè wa, òjò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹta tàbí kẹrin títí di oṣù kẹwàá. Ìjì tí ó ń ṣáájú òjò ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí àkókò yìí máa ń ti ìhà ìlà-oòrùn wá, nítorí pé láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ni àwọn ẹgbẹ́ ìkùukùu oníjì ń rìn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí ojú gíga òrùlé bá kọ sí ibẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò wọ abẹ́ rẹ̀, yóò sì máa tì í sókè. Lẹ́sẹ̀ kan náà, èyí tí ó ń gba orí òrùlé kọjá yóò máa fà á. Kì í ṣe wíwúwo òrùlé ni ó ń dì í mú ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe orí ìṣó. Nígbà tí ihò bá ti gbòòrò ju orí ìṣó lọ, kò sí ohun tí ó kù.

Àṣìṣe wa jẹ́ mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì bá ọ̀rọ̀ kan mu. A lo àgékù níbi tí a ti nílò gígùn. A lo àlòkù bí ẹni pé ara rẹ̀ pé. A kò sì wá àwókù rárá, nítorí pé a kò fẹ́ bẹ ẹnikẹ́ni.

5.0 Bí a ṣe kọ́ èkejì

5.1 Ìwọ̀n

Ẹni tí ó ń ra ohun èlò yóò kọ́kọ́ ya ilé, lẹ́yìn náà ni yóò lọ sí ọjà. Ẹni tí ó ń lo ohun ọ̀fẹ́ gbọdọ̀ yí ètò yìí padà. Gbogbo ohun tí a rí ni a tẹ́ sílẹ̀ kí a tó gbẹ́ ihò kankan. A fi àmì sí ara èyí tí ó dára, a gé ibi tí ìpáàrà tàbí ikán ti bàjẹ́ kúrò, a sì wọn èyí tí ó kù. Páànù mẹ́rin ni ó ṣeé lò, gígùn wọn sì ti di ẹsẹ̀ bàtà 6½ lẹ́yìn tí a gé etí wọn. Bí a bá tẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí etí ọ̀kan gun orí èkejì, wọ́n fẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 8. Èyí ni ó fi hàn pé ilé náà kò gbọdọ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 7 ní ìbú àti 5 ní jíjìn lọ, kí òrùlé lè yọ díẹ̀ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ìyọsí náà kò gbọdọ̀ pọ̀ jù, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìjì ń dì mú.

Ibùdó tí a yàn ga díẹ̀, omi kì í dúró síbẹ̀, kò sì sí lábẹ́ ọ̀pẹ tàbí igi tí ẹ̀ka rẹ̀ ti gbẹ.

5.2 Òpó

Inú àwókù ilé amọ̀ kan ni a ti rí òpó mẹ́rin, lẹ́yìn tí a ti gba àṣẹ. A fi ẹ̀yìn àdá lù wọ́n: igi tí inú rẹ̀ pé ń dún ketekete, èyí tí ikán ti jẹ ń dún bí agbè òfìfo. A tún fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún wọn láti orí dé ìdí. Ẹ̀gbẹ́ igi tí ó funfun, tí ó súnmọ́ èèpo, ni ikán àti kòkòrò máa ń kọ́kọ́ jẹ. Inú tí ó dúdú ni agbára wà.

Ihò tí ó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 2 ni a gbẹ́ fún òpó kọ̀ọ̀kan. A da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà lọ, a fi àfọ́kù búlọ́ọ̀kù fún òpó náà mọ́lẹ̀, a sì kó amọ̀ jọ yí ìdí rẹ̀ ká ní òkìtì kékeré. Òpó iwájú ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7½ lórí ilẹ̀, ti ẹ̀yìn ga ní 6. Ojú gíga kọ sí ìwọ̀-oòrùn báyìí. Ẹ̀yìn tí ó rẹlẹ̀ ni a fi pàdé ìjì.

Níbí ni àgékù ti rí iṣẹ́ tirẹ̀. Òpó méjì àti igi tí ó gun orí wọn ya onígun mẹ́rin, bí a bá sì ti onígun mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò fì sí apá kan. Ṣùgbọ́n bí a bá fi igi kúkúrú kan dábùú láti ara òpó sí ara igi òkè, igun mẹ́ta yóò wà níbẹ̀, igun mẹ́ta kì í sì í fì àfi bí igi rẹ̀ bá ṣẹ́. Igi tí kò gùn tó òpó gùn tó ìdábùú. Mẹ́jọ ni a lò.

5.3 Òrùlé

Ìṣó àti wáyà ìdè nìkan ni a fi owó rà. Wáyà àlòkù wà, ṣùgbọ́n wáyà tí a ti lọ́ rí, bí a bá tún lọ́ ọ, ó súnmọ́ ṣíṣẹ́. A fi wáyà tuntun di igi òrùlé mọ́ orí òpó kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí ìṣó tí a kàn.

Ní ti páànù, a sún àwọn igi tí ó gbé e kí ihò àtijọ́ má ṣe bọ́ sí orí wọn. Ihò tuntun ni a lù, orí gegele páànù ni a sì lù ú sí, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀ tí omi ń gbà kọjá. Lábẹ́ orí ìṣó kọ̀ọ̀kan ni a fi rọ́bà inú táyà tí a gé róbótó sí. Rọ́bà yìí ń dí omi, ó sì ń mú kí orí ìṣó fẹ̀ sí i. Ihò àtijọ́ ni a fi ọ̀dà dúdú àti ègé rọ́bà lẹ̀. Ìyẹn ni pé a kò retí pé kí ihò náà di ohunkóhun mú mọ́. A kàn ní kí ó má jò.

5.4 Ẹ̀yìn ilé

Ọparun ni a fi dí ẹ̀yìn ní ìhà ìlà-oòrùn. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ni a gé e, a sì rẹ ẹ́ sínú odò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí oúnjẹ tí ó wà nínú ọparun ni kòkòrò tí ń sọ ọ́ di ìyẹ̀fun ń wá. Omi a máa fọ púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò. A fi àlàfo ìka kan sílẹ̀ láàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè rí ibi gbà. Ilẹ̀kùn àlòkù kan ni a tẹ́ sórí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, ó di ìjókòó.

6.0 Ohun tí a kò gbọdọ̀ gbà

Àwọn ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbà bí a tilẹ̀ gbé wọn wá bá wa nílé. Èkíní ni páànù aláwọ̀ eérú tí ó nípọn, tí a fi sìmẹ́ǹtì àti asbestos ṣe, tí ó ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé gbogbo irú asbestos ni ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Eruku rẹ̀ ni ó léwu, eruku náà sì ń jáde nígbà tí a bá gé e, tí a bá lu ihò sí i tàbí tí ó bá fọ́. Àìsàn rẹ̀ lè pẹ́ tó ogún tàbí ogójì ọdún kí ó tó farahàn, èyí ni kò jẹ́ kí ènìyàn bẹ̀rù rẹ̀ tó bí ó ti yẹ. Ohun tí ó kù lára páànù yìí ni oró rẹ̀.

Èkejì ni òpó iná mànàmáná onígi tí ó ti ṣubú. Yàtọ̀ sí pé ó ní olóhun, a ti fi kẹ́míkà olóró wẹ̀ ẹ́ nítorí ikán. Ẹni tí ó bá fi àgékù rẹ̀ dáná ń fa oró sínú. Ẹ̀kẹta ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ti lò, tí ọ̀pọ̀ ń fi kun ìdí òpó. Ó lè lé ikán fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ọgbà tí a ti ń já ẹ̀fọ́ jẹ, kò yẹ kí a dà á sílẹ̀. Dípò rẹ̀, a máa ń yẹ ìdí òpó wò ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀, a sì ń gbá ọ̀nà amọ̀ tí ikán mọ gun òpó dànù. Kí ẹni tí ó bá ń yọ ìṣó tí ìpáàrà ti mú sì wọ bàtà tí ó le, kí ó sì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì.

7.0 Àfiwé pẹ̀lú ibòmíràn

Ó dára kí a rántí pé òkìtì àlòkù tí a ń ṣà yìí kò ti ayébáyé wá. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, ṣàlàyé ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́, èyí tí ó so mọ́ koríko bẹẹrẹ tí a fi ń bo òrùlé. Koríko kì í fi àlòkù sílẹ̀: bí ó bá gbó, a jẹrà, a di ilẹ̀. Páànù ni ó yí èyí padà. Nígbà tí owó kòkó mú kí ó kárí ilẹ̀ Yorùbá, òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ ju ògiri tí ó gbé e lọ. Àlòkù òrùlé jẹ́ ọmọ ayé páànù.

Níbòmíràn náà, àwọn akọ́lé ti bi ohun àlòkù léèrè ohun tí ó kù lára rẹ̀. Ní 2011, ní abúlé Yelwa ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, a fi ike omi tí a rọ iyanrìn kún kọ́ ilé: ohun tí ó ti inú ike lọ ni omi, ìrísí rẹ̀ kù, iyanrìn sì fún un ní ìwúwo. Ní Alabama ní Amẹ́ríkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Rural Studio ti Yunifásítì Auburn, tí Samuel Mockbee àti D. K. Ruth dá sílẹ̀ ní 1993, fi táyà àlòkù tí a ki erùpẹ̀ sínú rẹ̀ mọ ògiri ilé àdúrà Yancey ní 1995. Táyà náà kò lè sáré mọ́. Dídúró ni a ní kí ó dúró. Bàbá àgbẹ̀ tiwa kò gbọ́ nípa wọn rí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni ó fi ìka bi ihò páànù.

8.0 Àsọkágbá

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àgékù, àwókù àti àlòkù kì í ṣe orúkọ mẹ́ta fún ohun kan náà. Àgékù ti pàdánù gígùn, kí a fi ṣe ìdábùú. Àwókù ti pàdánù ìdánilójú, kí a lù ú, kí a gún un, kí a sì bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Àlòkù ti pàdánù pípé ara, kí a má ṣe fi ibi tí ó ti lu di ohunkóhun mú.

Ohun tí a fi síwájú àpérò yìí ni pé kí a ṣàkójọ àwọn ọ̀rọ̀ oní-kù tí ó wà lẹ́nu àwọn káfíńtà, bíríkìlà àti àgbẹ̀ ní àwọn ẹ̀ka-èdè wa, nítorí a gbà pé ọ̀pọ̀ ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni ó wà nínú wọn tí a kò tíì kọ sílẹ̀. Ní ti ahéré kejì, òjò ọdún méjì ti kọjá lórí rẹ̀. Ó ń jò ní ojú kan, ní ẹ̀gbẹ́ òpó iwájú lápá ọ̀tún, níbi tí a ti gbàgbé láti lẹ ihò àtijọ́ kan. Páànù rẹ̀ ṣì wà lókè.